Àpò ìrẹsì kò ṣe mí ní nǹkan, bírò ló dá mi wólẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nǹkan kan ò ṣe mí. Àárọ̀ Mọ́ńdè, bírò mi já bọ́ nílẹ̀ ní ọ́fíìsì, mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ mú un, ni ẹ̀yìn mi bá dún “kọ́!” Mi ò lè nàró, mi ò lè jókòó. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wa ní kí n dojú bolẹ̀, kí ọmọ kékeré gun ẹ̀yìn mi.

Mo ní, “Màmá, ẹ ṣeun, ọsibítù ni mo ń lọ.”

Dókítà bi mí pé, “Ọ̀gá oníròyìn, ṣé ẹ mọ òpó gíga tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ rédíò lé? Bí ẹ bá gé àwọn wáyà tó fà á lọ́tùn-ún lósì, ṣé yóò dúró?” Mo ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pá ẹ̀yìn. Egungun 24 ló to léra wọn láti ọrùn dé ìbàdí: 7 lọ́rùn, 12 láàárín ẹ̀yìn, 5 nísàlẹ̀. Iṣan ara wa ni wáyà wọn.

Lọ́dún 1961, Lucas àti Bresler ní Amẹ́ríkà dán ọ̀pá ẹ̀yìn òkú wò lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iṣan ara rẹ̀. Ẹrù bíi kílò 2 péré ló tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ! Orí wa nìkan ju ìyẹn lọ. Ẹ wá wo alábàárù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì kílò 50. Ṣé egungun nìkan ló ń gbé e ni?

Lọ́dún 1992, Panjabi ti Yunifásítì Yale ṣàlàyé pé nǹkan 3 ló ń mú ẹ̀yìn dúró: egungun àtàwọn okùn tó so wọ́n pọ̀, iṣan, àti ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún wọn. Bí ọ̀kan bá dẹwọ́, ìyà dé bá ìyókù. Lọ́dún 1996, Hodges àti Richardson ní Ọsirélíà rí i pé kí èèyàn tó gbé apá sókè rárá, iṣan kan nínú ikùn ti máa ń le sílẹ̀. Lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn, ó máa ń pẹ́ kó tó le.

Èwo wá ni ti bírò? Dókítà ní nígbà tí mo fẹ́ gbé ìrẹsì, ara mi ti múra ogun. Ta ló ń múra ogun de bírò? Ó ṣeé ṣe kí wáyà ti dẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí n má sùn sórí bẹ́ẹ̀dì títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ kankan má sì gun ẹ̀yìn mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí abẹ́ kò mọ nǹkan lára mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé tọ̀ tàbí kò ṣeé dá dúró, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni. Ẹ má dúró de ọ̀la.

Bírò yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá wù kó wá mú un.