ODINDI YÀTỌ̀ SÍ GBOGBO

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “whole,” ju ẹyọ ìtumọ̀ kan lọ ní èdè wa. Iṣu tí ọ̀bẹ kò kàn, odindi ni. Iṣu tí ó kún abà, gbogbo rẹ̀ ni à ń wí. Owó tí kò dín, owó pípé ni. Aláìsàn tí ó gbádùn, ara rẹ̀ ni ó dá. Ọ̀rọ̀ kan yìí ni Òyìnbó ń lò fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Inú ìwé ilẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Ní Òkè-Àró níhìn-ín, ẹbí ń ta ilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń kọ ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó ta odindi pulọ́ọ̀tì kan kò ta gbogbo ilẹ̀ baba rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá sọ èkíní di èkejì, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, àwọn ọmọ ni yóò sì jìyà.

Òfin tí ó dáàbò bo aláìmọ̀wé ti pàṣẹ pé kí akọ̀wé ka ìwé náà fún un, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀, kí ó tó tẹ ìka. Nítorí náà, àwa ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí olórí ẹbí kankan tẹ ìka kí ó tó gbọ́ ọ ní Yorùbá: ṣé odindi ni, àbí gbogbo?