Ojú Irin Kì í Ṣe Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́, Ṣùgbọ́n Níbo Ni Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Wà?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó lọ láti Ìkẹjà sí Agége mọ̀ pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tètè dé ibi iṣẹ́. Ojú irin rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́jú, ó sì gún. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ẹnì kan bá rò pé kí òun de ẹsẹ̀ irin kéékèèké mọ́ kẹ̀kẹ́ òun, kí òun sì máa wà á lórí irin.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlá. Ní Kòríà Gúúsù, àwọn ènìyàn ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ irin lórí ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́. Ní Kàm̀bódíà, lẹ́yìn ogun, àwọn ará abúlé fi ọparun ṣe pẹpẹ, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ irin, wọ́n sì fi ń kó èrò àti ẹrù. Bí méjì bá pàdé, wọn a tú ọ̀kan kúrò kí èkejì lè kọjá. Lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè a máa fi tọ́ròlì yẹ ojú irin wò, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ojú irin tí ó ti kú lè gba kẹ̀kẹ́. Èyí tí ó wà láàyè kò gbà á. Ti Agége wà láàyè. Ọkọ̀ tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn ń gba ibẹ̀ láti ọdún 2021. Ọkọ̀ Red Line ti Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Agbádó dé Oyíngbò, sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ọkọ̀ ojú irin wúwo, irin lórí irin sì ń yọ̀. Bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ bíréèkì, yóò lọ jìnnà kí ó tó dúró. Kẹ̀kẹ́ ojú títì lè yà sínú igbó. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há mọ́ irin kò ní ibi tí yóò yà sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin gbá bọ́ọ̀sì tí ó kó òṣìṣẹ́ ìjọba ní PWD, nítòsí Ìkẹjà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí bọ́ọ̀sì bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ti kẹ̀kẹ́?

Síbẹ̀, àwa kò ní bá àwọn tí ń fi pàṣán lé tálákà kọ orin kan náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin yìí ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, kí wọ́n lè kó irè oko wa dé etí òkun. Òógùn àwọn baba wa ni a fi là á. Àwọn àgbẹ̀ Agége, tí J. K. Coker ṣe aṣáájú wọn nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, fi kòkó sọ ìlú náà di olókìkí. Obì Agége sì bá ojú irin dé ilẹ̀ Hausa. Ogún wa ni. Ó ha yẹ kí ẹni tí ó ni ogún máa wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí?

Òṣìṣẹ́ tí owó ọkọ̀ ń jẹ owó oṣù rẹ̀, àti àgbẹ̀ tí ó so ẹ̀fọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, kò fẹ́ kú. Ọ̀nà ni wọn kò ní. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ, kí a tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí ìjọba la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀yìn ọgbà tí ó yí ojú irin ká. Kí afárá tí ó kọjá lórí rẹ̀ ní ibi tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí a lè ti kẹ̀kẹ́ gbà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè gbé kẹ̀kẹ́ àti ẹrù gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Kí ọkọ̀ ojú irin sì ní ààyè fún ẹrù àgbẹ̀, ní iye tí àgbẹ̀ lè san.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ tí ẹ dìbò fún. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín kúrò lórí irin lónìí. Ẹ má ṣe dúró de ọ̀nà tí a kò tíì là. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.