Ìyẹ̀wù Ìrònúpìwàdà

Bí a bá ti dá arúfin lẹ́bi tán, ọ̀nà wo ni a lè gbà sọ ọ́ di ènìyàn rere?

Ní ọdún 1787, àwọn kan tí àánú ẹlẹ́wọ̀n ń ṣe ní ìlú Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn ará ìjọ Quaker wà láàrin wọn. Wọ́n rí i pé bí a bá kó olè pọ̀ sójú kan, olè ni yóò máa kọ́ olè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a ya olúkúlùkù sọ́tọ̀, kí ó lè gbọ́ ohùn ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀.

Ní 1829 ni a ṣí Eastern State Penitentiary ní ìlú náà. Láti inú ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà gan-an ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹlẹ́wọ̀n kan, yàrá kan. Ihò kan wà ní àjà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bíbélì wà fún un, àti iṣẹ́ ọwọ́ bí aṣọ híhun àti bàtà rírán. Bí a bá ń mú un kọjá níta yàrá, a ó fi ìbòjú bò ó lórí, kí ó má baà rí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má sì rí i.

Inú rere ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rere nìkan kò tó. Ní 1842, Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, bẹ ibẹ̀ wò, ó sì kọ̀wé pé ìyà tí a fi ń jẹ ọkàn bẹ́ẹ̀ burú ju ìyà ara lọ, nítorí egbò rẹ̀ kò hàn sójú. Ní 1890, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà jẹ́rìí pé lábẹ́ irú àhámọ́ yìí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ya wèrè, àwọn mìíràn sì pa ara wọn. Ní 1913 ni a pa ìlànà náà tì ní Philadelphia. Síbẹ̀ àdánìkanwà kò tán nínú ẹ̀wọ̀n ayé. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 15 léraléra lọ.

Òtítọ́ ni pé ìrònúpìwàdà ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ronú tán ń wá ẹni tí yóò jẹ́wọ́ fún, ẹni tí yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò gbà á padà. Ògiri kò lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ̀lú. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí ẹ bá wí sùn láìgbọ́ ohùn yín.