Ojúlé Kan Kì Í Ṣe Ẹbí Kan

Ẹni tó bá ń wá orírun ìdílé rẹ̀ nílẹ̀ Nẹ́dálándì kò ní í pẹ́ kan ìwé àkọsílẹ̀ olùgbé ìlú. Ọdún 1850 ni ìlú gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀, ìkànìyàn ọdún 1849 ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, iṣẹ́, ìgbà téèyàn wọlé, ìgbà tó kó jáde, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àṣìṣe tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń wo ojú ewé náà bí ẹni ń wo fọ́tò, bí ẹni pé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ jọ gbélé lọ́jọ́ kan náà. Nígbà náà, ìwé kan ṣoṣo lè wà lọ́wọ́ akọ̀wé fún bí ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá kó lọ tàbí tó kú, á fa ìlà la orúkọ rẹ̀ kọjá, á kọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sísàlẹ̀.

Ká ní káfíńtà kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta wà lókè, tí ìlà la gbogbo wọn kọjá, tí opó kan wà nísàlẹ̀ wọn. Olùwádìí tó ń kánjú á ní ìyá káfíńtà ni opó yẹn, àti pé àjàkálẹ̀ àrùn ló pa àwọn yòókù. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: káfíńtà ti kó lọ kí opó tó dé. Wọn ò ríra rí. Lédè tiwa, ọmọ ilé wa sábà máa ń jẹ́ ẹbí wa. Ojúlé lásán ni ti akọ̀wé. Nọ́ńbà ojúlé pàápàá ń yí padà: ní Amsterdam, àdúgbò ni wọ́n fi ń ka ilé kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní títì-títì lọ́dún 1875.

Àwọn kan á ní ìwé ìjọba ṣáà ṣeé gbára lé ju ìtàn àtẹnudẹ́nu lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní ti ọjọ́ ìbí, torí ìwé ìbí wà tá a lè fi wé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkólọ lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá sọ ọ́ fún akọ̀wé, ẹni tó kó nígbà ẹ̀rùn sì lè má yọjú títí ìgbà òtútù fi dé. Ṣé ká wá pa ìwé olùgbé tì? Rárá o. Ìwé ìbí ọmọbìnrin tó kúrò lábúlé lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílùú dá lé ọjọ́ tí wọ́n bí i, ti ìgbéyàwó sì dá lé ọjọ́ tó wọlé ọkọ. Inú ìwé olùgbé nìkan la ti lè rí ilé ọ̀gá mẹ́rin tó gbà kọjá láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn.