Orí Ta Ni Ẹ̀rọ Fi Kọ́ṣẹ́?

Wọ́n ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ń wo àwòrán ọpọlọ báyìí, ó sì ń sọ ibi tí kókó wà àti bó ṣe tóbi tó. Mo gbà. Ìbéèrè tèmi láti Okpara níbí, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilẹ̀ Benin, ni pé, orí ta ni ó fi kọ́ṣẹ́?

Àwọn dókítà ní láti kọ́kọ́ jókòó ti àwòrán, kí wọ́n fa ìlà yí kókó ká ní ìpele kọ̀ọ̀kan, láti àtàrí wá sí ìsàlẹ̀, kí ẹ̀rọ tó rí nǹkan kọ́. Láti ọdún 2012 ni BraTS, ìdíje àgbáyé lórí fífi ẹ̀rọ wá kókó ọpọlọ, ti ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ. Ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 2023 ni BraTS-Africa, ẹ̀ka rẹ̀ fún Áfíríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Udunna Anazodo àti àwọn ilé ìwádìí MAI Lab ní Èkó wà lára àwọn tó ṣe é, àwòrán láti Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀.

Àwòrán tiwa yàtọ̀. Ẹ̀rọ MRI tí a fi ń ya àwòrán orí níbí kì í sábà lágbára tó tiwọn, àwòrán a máa rí bàìbàì. Àwa náà kì í tètè dé. Orí ń fọ́ni, a ní ibà ni, a se àgbo. Gìrì múni, a ní ayé ni. Ìgbà tí ojú bá ń ṣú la tó ń wá owó ọkọ̀ Paraku tàbí Kútọnu. Kókó ti gbilẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀rọ tí kò rí irú orí bẹ́ẹ̀ rí, kí la fẹ́ kó sọ?

Àwòrán orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà nínú àpò ńlá tí wọ́n fi ìṣó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí àlejò bá dé, wọn a gbé e sójú fèrèsé, oníkálùkù a na ìka sí ibi funfun. Owó kaṣú ọdún kan ló bá a lọ, kò sì kọ́ ẹ̀rọ kankan lẹ́kọ̀ọ́.

Kí ilé ìwòsàn CNHU Kútọnu àti ilé ìwòsàn ńlá Paraku yọ orúkọ kúrò lára irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi kún àkójọ àpapọ̀ bíi BraTS-Africa. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n lè fi àwòrán orí ẹni ṣe ń ba àwọn èèyàn wa, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n òfin Code du numérique ti Benin, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, ti wà láti 2018, àjọ APDP ló ń ṣọ́ apá yẹn. Kí wọ́n má kàn na ìwé Faransé sí ìyá àgbà pé kó tẹ̀ka. Kí wọ́n fi èdè Ṣábẹ̀ẹ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi àwòrán orí rẹ̀ ṣe fún un, kó bi wọ́n léèrè, kó sì lè kọ̀ bí kò bá wù ú.