Ẹ Jẹ́ Ká Gbin Pèrègún Sọ́gbà Wa

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò. Nígbà tí a dá a lábàá ní ìpàdé ẹgbẹ́ pé kí a gbin pèrègún yí iwájú ọ́fíìsì wa ká, àwọn kan fajúro. Wọ́n ní igi òrìṣà ni, pé àwọn òbí àwọn kò rán àwọn wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti wá bọ Ògún. Wọ́n ní kí a kúkú ra òdòdó gidi lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á lẹ́bàá títì.

Ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín ni pé òdòdó tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an, èyí tí ó ní ìlà yẹ́lò láàrin ewé, pèrègún ni. Ó wà nínú ìkòkò ní báńkì, ó wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ó wà ní pálọ̀ àwọn Alhaji, a sì ti rí i lẹ́bàá pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dracaena ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Dracaena fragrans ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń fi í wé àgbàdo nítorí bí ewé rẹ̀ ṣe gùn tí ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Kò sí ẹni tí ó ń bẹ̀rù Dracaena. Ìgbà tí a bá fi èdè baba wa pè é ni ó ń di òrìṣà.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Mákùúdí ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wa sí, inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ sì ti mọ pèrègún. Òótọ́ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń gbìn ín sí ojúbọ Ògún. A kò ní í purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, a kò sì ní í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ náà tilẹ̀ bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú rékọjá òkun: peregún ni wọ́n ń pè é ní Kúbà títí di òní, wọ́n ń pè é ní peregun ní Bràsíl. Ẹ wò ó ná! Àwọn tí wọ́n gba orúkọ tiwọn gan-an lọ́wọ́ wọn kò gbàgbé orúkọ ewé. Àwa tí a lè wọ ọkọ̀ òru kí ilẹ̀ tó mọ́ ká ti délé, àwa ni à ń sá fún un.

Pèrègún sì níṣẹ́ mìíràn. Àgbẹ̀ tí kò dá Ifá rí a máa gbìn ín sí ààlà oko rẹ̀, nítorí pé kì í tètè kú, ewé rẹ̀ kì í sì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn Chagga tí ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà náà ń fi í ṣe ààlà. Masale ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnìkan bá ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀, ewé yìí ni yóò mú lọ́wọ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta nǹkan mìíràn fún yín. Èyí tí ewé rẹ̀ pọ́n, tí àwọn kan ń pè ní pèrègún pupa, Cordyline ni, láti Éṣíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ewé Cordyline ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fi so mọ́ igi. Ti pèrègún jókòó sára igi, ó sì gbá a mú. Bí iyèméjì bá kù, ẹ ha gbòǹgbò rẹ̀ díẹ̀: ti pèrègún pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí inú ọsàn, ti Cordyline funfun. Bí pèrègún bá tanná, òdòdó rẹ̀ kéékèèké máa ń ta sánsán lóru.

Àwọn kan tún ń sọ pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́, nítorí ìwádìí tí NASA gbé jáde ní 1989. Inú àpótí tí wọ́n sé pa ni wọ́n ti dán an wò. Yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì tí èèyàn mẹ́jọ ń sùn sí, fèrèsé ni kí wọ́n ṣí.

Ẹnu dùn-ún rò fọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti gbígbìn. Ẹ gé ọ̀pá tí ó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ lóòró. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò. Lápá òkè níhìn-ín, ó dára kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Abẹ́ òjìji ògiri tàbí igi máńgòrò ló fẹ́, torí oòrùn ọ̀sán a máa jó ewé rẹ̀. Omi kò gbọdọ̀ dúró sí ìdí rẹ̀, yóò rà. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹnu ewé lè gbẹ. Ẹ bomi rin ín nígbà tí òkè ilẹ̀ bá ti gbẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ní ajá tàbí ológbò kí ó ṣọ́ra, bí wọ́n bá jẹ ewé rẹ̀ wọn yóò máa bì.

Ẹni tí ó bá ń lọ sílé nínú ìsinmi yìí kí ó bá wa gé ọ̀pá mẹ́ta mẹ́rin bọ̀. Kí ó fi bébà wé e, kí ó má jẹ́ kí àwọn ọmọ ọkọ̀ ju ẹrù lé e lórí. Ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kí ẹ kó wọn sí.