Ìpè kan láti Ṣàgámù lè gba ọjà Mòwé àti Ifọ̀ lọ́wọ́ ìjì

Bí ìjì bá ń gbé ọlọ, kò yẹ kí ẹlẹ́lùbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí òun yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ojú àwọn oníṣòwò Mòwé, Ìbafò àti Ifọ̀ máa ń rí nìyẹn, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tó bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Ojú ọ̀run á ṣú, atẹ́gùn á ṣáájú òjò dé, kí ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì sì tó wá tapólì rí, páànù orí ṣọ́ọ̀bù ti wà lójú títì. Wọ́n á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè dá ìjì dúró, ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ńtì tí wọn kò bò, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló wà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ìjì àfẹ́yípo tí wọ́n ń pè ní tornado máa ń bá fínra ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, ti pín ìkìlọ̀ sí ọ̀nà méjì. Èkíní ń sọ pé ojú ọjọ́ lè bí ìjì lónìí, kí kálukú wà lójúfò. Èkejì ń sọ pé wọ́n ti rí ìjì náà, ó ń bọ̀, kí oníkálukú wá ibi sá sí lójú ẹsẹ̀. Ìkìlọ̀ kìíní wà fún ìmúrasílẹ̀, èkejì wà fún ìṣe. Ẹni tí kò bá sì fi ti àkọ́kọ́ múra sílẹ̀, ìkejì kì í ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílùú Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 2011, fèrè ìkìlọ̀ dún níbẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ìjì tó wọ̀lú. Síbẹ̀, ìjì náà pa èèyàn 158. Nígbà tí ìjọba wọn wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ló gbọ́ fèrè, ṣùgbọ́n tí wọn kò tètè ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń dúró kí wọ́n tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, tàbí kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí fèrè wà, kí ni ká ti wí nípa ibi tí kò ti sí fèrè rárá?

Irú ìjì Joplin kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Èyí tó ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ ni ẹ̀fúùfù líle tó máa ń ṣáájú òjò alárá. Òun náà kì í ṣeré. Ní oṣù kejì ọdún 2012, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì máa retí òjò, irú rẹ̀ jà nílùú Èkó, ó ṣí òrùlé, ó wó igi, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwa náà kò sì ṣaláìní ẹni tó ń kìlọ̀. Àjọ NiMet, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2003, máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá sọ láàárọ̀ pé òjò alárá àti atẹ́gùn líle ṣeé ṣe ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìkìlọ̀ kìíní nìyẹn. Èkejì ni ìṣòro, nítorí NiMet kò lè dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wá sọ pé ìjì ti dé òpin àdúgbò.

Ibí yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò ti lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì ńláńlá yìí, láti ìlà oòrùn ni wọ́n ti máa ń wá, tí wọ́n á sì forí lé ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n lè sáré tó àádọ́ta kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ṣàgámù wà ní ìlà oòrùn Mòwé, kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ. Ifọ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Mòwé, òun náà kò jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹyẹ bá fò ó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìjì tó bá ń ṣí páànù ní Ṣàgámù báyìí lè dé Mòwé àti Ìbafò ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì tún lo bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn kó tó kan Ifọ̀.

Ẹni tó bá ní oníbàárà tàbí ọ̀rẹ́ ní Ṣàgámù ti ní fèrè ìkìlọ̀ nìyẹn. Ìpè kan ṣoṣo ti tó: “Ìjì ti dé ọ̀dọ̀ wa o, ẹ palẹ̀ mọ́.” Kí ìyálọ́jà àti àwọn alága ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa gba ìpè láti Ṣàgámù, tí wọn yóò sì máa pe Ifọ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Nígbà tí Fitzroy bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ ìjì fún àwọn atukọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1861, wáyà ni wọ́n fi ń gbé ìròyìn láti etíkun kan sí èkejì. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ aláta àti oníbúrẹ́dì. Òótọ́ ni pé ìjì mìíràn máa ń ṣù lórí ẹni lọ́sàn-án gangan, tí kò ní gba Ṣàgámù kọjá. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá dúdú, tí atẹ́gùn tútù sì ṣàdédé yí padà, kí ẹnikẹ́ni má dúró de ìpè mọ́.

Kí ni kí ènìyàn fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe? Kí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù gbé sìmẹ́ńtì kúrò nílẹ̀, kó bò ó, kó sì so tapólì náà mọ́lẹ̀. Kí olọ́sìn adìyẹ sọ tapólì ẹ̀gbẹ́ ilé ẹyẹ sílẹ̀ níhà tí ìjì ti ń bọ̀. Kí wẹ́dà àti oníbúrẹ́dì pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Kí ẹni tó ń ta ọjà lábẹ́ agbòòrùn ká a, kó gbé pátákó wọlé. Kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn àti fèrèsé ṣọ́ọ̀bù pa, nítorí atẹ́gùn tó bá wọlé ló máa ń ti òrùlé sókè láti inú. Òkúta tí àwọn kan ń gbé lé páànù kì í ṣe ààbò. Bí ìjì bá gbé páànù, orí ẹni tó ń kọjá ni òkúta náà ń bọ́ lé. Lẹ́yìn náà, kí kálukú wọ inú ilé tó lágbára. Abẹ́ igi àti ẹ̀gbẹ́ pátákó ìpolówó gogoro ojú ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe ibi ìsádi.

Àwọn kan á ní àsọtẹ́lẹ̀ máa ń yẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń ti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ òjò, ebi ni yóò pa á. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, nítorí owó ojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ fi jẹ́ méjì. Èyí tó wá láàárọ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí tapólì àti okùn wà nítòsí, kí fóònù sì ní iná. Ìgbà tí èkejì bá dé ni títà dúró, kò sì sí oníbàárà tó ń ra ọjà nínú ìjì. Bí ìjì bá wá yà sí ibòmíràn, ìdajì wákàtí ló lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn wé owó òrùlé kan ní ayé tí páànù ti wọ́n yìí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹni tó bá ti ra ìwé adójútòfò. Ọ̀pọ̀ ìwé tó wà fún iná kì í san owó ìjì àti omíyalé, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ mọ́ ọn, tí oníṣòwò sì san owó lé e. Kí wọ́n lọ yẹ tiwọn wò kí òjò tó dé.

Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódè àti ti Ifọ̀ rí i pé ìkìlọ̀ NiMet ń dé ọjà lédè Yorùbá láràárọ̀, nítorí ìkìlọ̀ tí ìyá aláta kò gbọ́ yé kì í ṣe ìkìlọ̀. Àmọ́ kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, nọ́ńbà ẹnì kan ní Ṣàgámù àti ti ẹnì kan ní Ifọ̀ kò ju ohun tí ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè gbà sílẹ̀ ní ìpàdé kan ṣoṣo. Ìjì kò ní dúró de ẹni tó ń wá okùn kiri.